Fífún Fídíò Pọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì: Bí A Ṣe Ń Yan Iye Tó Yẹ

Fídíò tó jáde tààrà láti ojú kámẹ́rà tóbi ju ohun tí fóònù, fúláàṣì tàbí dátà ẹnikẹ́ni lè gbé. Àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò tó fẹ̀ ní 1920, tó ga ní 1080, ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwòrán 25 ni wọ́n sábà máa ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọn kò bá fún un pọ̀ rárá, yóò tó mẹ́gábíìtì 622 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi gígábáìtì 280 fún wákàtí kan péré, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Ayẹyẹ ìgbéyàwó kan ní Àjùwọ̀n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ìgbà tí ìyàwó bá wọlé títí di ìgbà tí àlejò bá túká, lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú kámẹ́rà. Kò sí ẹni tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ fi ń fún àwòrán pọ̀ bó ṣe ń yà á, tí ẹni tó ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà náà yóò sì tún fún un pọ̀ nígbà tó bá ń réńdà.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ń ṣe ni pé kì í tún ohun tó ti sọ sọ. Bí ògiri pálọ̀ kò bá yí padà láti àwòrán kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ kò ní kọ ògiri náà lẹ́ẹ̀kejì. Yóò kàn sàmì sí i pé ó ṣì wà bó ṣe wà. Ohun tó bá sún, yóò kọ ibi tó sún sí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa yọ ohun tí ojú ènìyàn kì í tètè rí, bí ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín àwọ̀ méjì tó jọra, títí èyí tó kù yóò fi wọ inú iye bíìtì tí wọ́n fún un. Bí iye náà bá tó, òǹwòran kò ní mọ̀ pé wọ́n yọ ohunkóhun. Bí kò bá tó, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ojú àwọn òṣèré á pàdánù ìlà àti ihò ara wọn, etí àwọn lẹ́tà á sì máa gbọ̀n.

Ìran méjì nínú fíìmù kan náà kì í jẹ iye bíìtì kan náà. Tọkọtaya tó jókòó ní pálọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí owó ilé ìwé ọmọ, kò ni ẹ̀rọ lára: ẹnu àti ọwọ́ nìkan ló ń mì. Àmọ́ kí eégún jáde sí gbàgede, kí ó fẹ́ agọ̀ rẹ̀, kí eruku sọ, kí èrò máa sá síwá sẹ́yìn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó dúró lójú kan mọ́ tí ẹ̀rọ lè tọ́jú de àwòrán tó ń bọ̀. Òjò, omi odò tó ń ṣàn, ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, èéfín, owó tí wọ́n ń ná lójú agbo, léèsì tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà: gbogbo wọn ló ń jẹ bíìtì. Ọ̀rọ̀ aṣọ òkè olójú fínnífínní kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ya fídíò ayẹyẹ ní agbègbè Àkúté àti Àjùwọ̀n. Ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbọ̀n nínú fídíò tí bíìtì rẹ̀ kò tó. Òkùnkùn pàápàá ń jẹ bíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ kò tó fún máa ń da èérún wẹ́wẹ́ sí ojú àwòrán. Èérún yìí ń yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán 25 náà, ẹ̀rọ á sì máa sapá láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó wo fíìmù Yorùbá lórí díìsì VCD ti fojú rí àbájáde ọ̀rọ̀ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n fi ìlànà VCD lélẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2000, díìsì yìí ti gba ipò kásẹ́ẹ̀tì VHS lọ́wọ́ àwọn màkẹ́tà ọjà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ní Èkó. Ìlànà náà le. Àwòrán gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní 352, kí ó ga ní 288. Kílóbíìtì 1,150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ti àwòrán, 224 ni ti ohùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Díìsì kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 74, nítorí náà fíìmù tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà lórí díìsì méjì. Iye kan náà ni wọ́n ń fún tọkọtaya inú pálọ̀ àti eégún inú agbo. Pálọ̀ ń rí ju ohun tó nílò lọ, èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ṣeé gbé fún ìran mìíràn. Bí ijó bá dé, àwòrán á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Fíìmù bíi Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, kún fún ìlù, ijó àti èrò, irú ìran bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlànà VCD kì í ṣàánú. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru kámẹ́rà tàbí díìsì ayédèrú. Ayédèrú burú lóòótọ́, àmọ́ ojúlówó díìsì pàápàá kò lè ṣe ju iye tí ìlànà gbà á láyè lọ.

DVD yí ọ̀rọ̀ padà. Àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní 720, ó ga ní 576, iye bíìtì rẹ̀ sì lè máa lọ sókè sódò bí ìran bá ṣe rí, bí kò bá ti kọjá mẹ́gábíìtì 9.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù wákàtí méjì tó bá dá wà lórí díìsì gígábáìtì 4.7 yóò rí nǹkan bíi mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tó o dáadáa. Ohun tó ba èyí jẹ́ ni ọjà. Nígbà tí àwọn alájàpá bẹ̀rẹ̀ sí í kó fíìmù rẹpẹtẹ sórí díìsì kan, ìṣirò kò gbè wọ́n mọ́: bí fíìmù mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 90, bá wà lórí díìsì kan ṣoṣo, ohun tó kan ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kò tó kílóbíìtì 700, àti àwòrán àti ohùn. Ó kéré sí ti VCD, fún àwòrán tó fi ìlọ́po mẹ́rin tóbi jù ú lọ. Kò sí ọgbọ́n ìpín tó lè bo irú àìtó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí iye bíìtì bá ti lè lọ sókè sódò ni ìfúnpọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ti ń wúlò. Ní ìlọ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á wo fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọ fídíò kankan jáde. Àkọsílẹ̀ ló ń ṣe nípa àwòrán kọ̀ọ̀kan: bó ṣe le tó, bí ohun inú rẹ̀ ṣe sún tó, ibi tí ìran ti yí padà. Ní ìlọ kejì, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á ṣí àkọsílẹ̀ náà, á sì pín àpapọ̀ bíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe nílò rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún fídíò pọ̀ sí ìwọ̀n pàtó kò ní àkọsílẹ̀ yìí. Ó dà bíi télọ̀ tí wọ́n kó ọ̀pá aṣọ mẹ́wàá fún láti fi rán aṣọ ọmọ márùn-ún, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kí gbogbo ọmọ náà tó dé: bí èyí tó ga jù bá jẹ́ ẹni tó dé kẹ́yìn, ṣòkòtò rẹ̀ kò ní dé kókósẹ̀. Nínú fíìmù Yorùbá, ẹ̀yìn gan-an ni ìran tó le jù sábà máa ń wà, bóyá ogun, bóyá ìwúyè, bóyá ijó ìkẹyìn. Àwọn tó ń lo Adobe Premiere á rí i ní ibi tí wọ́n ti ń réńdà pẹ̀lú orúkọ VBR, 2 pass. FFmpeg àti HandBrake, tí kò sí ẹni tó ń san owó fún, náà ní tiwọn.

Ìbéèrè tó kàn ni èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: iye wo ni kí èèyàn kọ síbẹ̀? Kò yẹ kí wọ́n méfò iye yìí rárá. Àyè tí fídíò máa gbà àti bó ṣe gùn tó ló ń bí i. Wọ́n á mú ìwọ̀n fáìlì ní mẹ́gábáìtì, wọ́n á fi 8,000 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó lè di kílóbíìtì, wọ́n á fi iye ìṣẹ́jú àáyá inú fídíò pín in, wọ́n á sì yọ ti ohùn kúrò. Èyí tó kù ni ti àwòrán.

Fúláàṣì tí wọ́n ń kó fídíò ìgbéyàwó sí fún tọkọtaya jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ọ̀pọ̀ fúláàṣì, àti tẹlifíṣọ̀n tó ń kà á, ṣì ń lo ìlànà FAT32, tí kì í gba fáìlì kan tó bá kọjá gígábáìtì mẹ́rin àti díẹ̀. Fáìlì tó bá lé kò ní wọlé rárá, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó lórí fúláàṣì náà. Ká ní fídíò náà jẹ́ wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 7,200, tí wọ́n sì fẹ́ kí fáìlì jẹ́ mẹ́gábáìtì 3,900 kí ó má bàa fara kan ààlà. 3,900 lọ́nà 8,000 jẹ́ 31,200,000. Bí wọ́n bá fi 7,200 pín in, ó di 4,333. Bí wọ́n bá yọ 192 fún ohùn, ó ku 4,141. Kí wọ́n kọ 4,100, nítorí àpò tí àwòrán àti ohùn wà nínú rẹ̀ náà ń gba àyè díẹ̀. Fún àwòrán 1080 tó kún fún ijó àti léèsì, kílóbíìtì 4,100 kò pọ̀ jù, àmọ́ ìpín ẹ̀ẹ̀mejì á jẹ́ kí ó tó. Nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an, tí ààlà kò ṣeé kọjá, ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ẹ̀mejì sílẹ̀. WhatsApp náà ní ààlà tirẹ̀: láti 2022, fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé lè tó gígábáìtì méjì, kò sì ní kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máa ń le bí àyè bá kéré gan-an. Fíìmù ìṣẹ́jú 90 tí wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ mẹ́gábáìtì 700, kí ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ lè gbà á sórí fóònù, yóò rí kílóbíìtì 1,037 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá yọ 128 fún ohùn, ó ku 909. Ẹni tó bá fi 909 yìí réńdà àwòrán 1080 ń fi ìyà jẹ fíìmù náà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ó dín ojú àwòrán kù. Àwòrán tó fẹ̀ ní 854, tó ga ní 480, kò ní ju ìdá kan nínú márùn-ún píksẹ́lì àwòrán 1080 lọ, nítorí náà iye bíìtì tó ń kan píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á di ìlọ́po márùn-ún. Lójú fóònù, àwòrán 480 tó mọ́ sàn ju 1080 tó fọ́ lọ fíìfíì. Ó ṣòro fún àwọn oníbàárà kan láti gba èyí gbọ́, torí pé nọ́ńbà ńlá ni wọ́n ti kọ́ láti máa béèrè fún, àmọ́ ojú wọn fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí bí wọ́n bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìṣirò ń sọ iye tó wà nílẹ̀. Kò sọ iye tí fíìmù náà nílò. Ọ̀nà kan wà láti mọ ìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ bíi x264 ní sẹ́tíńgì kan tí wọ́n ń pè ní CRF, tí HandBrake ń pè ní RF. Dípò kí èèyàn sọ iye bíìtì, ipele dídára ló máa sọ, ẹ̀rọ á sì lo iye bíìtì tó bá gbà. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 51, èyí tó bá kéré ló dára jù. 23 ni x264 máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yàn. Ní nǹkan bí 18, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín rẹ̀ àti ojúlówó. HandBrake dámọ̀ràn 20 sí 24 fún àwòrán 1080, 18 sí 22 fún àwòrán kékeré bíi ti DVD. Bí nọ́ńbà bá fi mẹ́fà lé, fáìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìnáwó fíìmù kan lè gé ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láti inú ìran tó le jù àti ìran tó rọrùn, kí ó réńdà wọn pẹ̀lú CRF 22, kí ó wo iye bíìtì tó jáde. Bí ó bá jẹ́ 4,500, tí ìṣirò àyè sì sọ 4,100, kò sí wàhálà, kí ó lọ fi ẹ̀ẹ̀mejì ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 6,000, tí àyè sì sọ 900, ó ti mọ̀ kí ó tó sun epo jẹnẹrétọ̀ pé ojú àwòrán gbọ́dọ̀ dín kù, tàbí kí wọ́n pín fíìmù sí méjì.

Ibí yìí ló yẹ kí àṣìgbọ́ kan ti kúrò nílẹ̀, nítorí ó ti jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ní àkókò àti epo. Wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀mejì fúnra rẹ̀ ló ń mú kí àwòrán dára. Bí fáìlì CRF àti fáìlì ẹ̀ẹ̀mejì bá jáde ní ìwọ̀n kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà àti sẹ́tíńgì yòókù kan náà, dídára wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì fi ju CRF lọ ni pé ó mọ ibi tí fáìlì yóò tóbi dé. Ó sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó ń lépa iye bíìtì kan náà lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí ààlà, CRF ni kí wọ́n lò.

YouTube ni ibi tí àṣìṣe yìí ti wọ́pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ń bọ́ sí báyìí. Fáìlì tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ kì í ṣe èyí tí òǹwòran ń wò. YouTube á tún un fún pọ̀, lóríṣiríṣi ìwọ̀n, kí ó tó fi hàn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó ń gbé e lọ ni pé kí ó fún YouTube ní ohun tó dára jù tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbé. YouTube fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún àwòrán 1080 tó jẹ́ 24 sí 30 àwòrán. Kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò burú, kí ó dín ni kò dára, nítorí ohun tí ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ, èkejì kò lè dá a padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, á ka àbàwọ́n àkọ́kọ́ kún ara àwòrán, á sì máa ná bíìtì lé e lórí. CRF 18 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀ kò ní èrè kankan.

Ìtàtagbà ojú ẹsẹ̀ ni ibi kejì tí ẹ̀ẹ̀mejì kò ti wúlò, nítorí pé kò ṣeé ṣe níbẹ̀ rárá. Ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, Ibùdó Ìràpadà ìjọ Redeemed wà lẹ́bàá Mòwé, Prayer City ìjọ Mountain of Fire sì wà ní agbègbè Ìbàfò. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ń wo ìsìn wọn bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kò lè wo ìparí ìwàásù tí oníwàásù kò tíì wàásù dé. Ẹ̀ẹ̀kan ni, pẹ̀lú iye tó dúró lójú kan tàbí tó ní òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì má bàa dí. Lẹ́yìn tí ìsìn bá parí, ọ̀rọ̀ yí padà: ìwàásù tí wọ́n fẹ́ kó sórí fúláàṣì tàbí káàdì fún títà lè wá gba ẹ̀ẹ̀mejì, láti inú fáìlì tó mọ́ jù tí kámẹ́rà gbà, kì í ṣe láti inú èyí tó ti la íntánẹ́ẹ̀tì kọjá.

Ọ̀rọ̀ òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá yìí kan ẹ̀ẹ̀mejì náà. Iye tí wọ́n yàn jẹ́ agbedeméjì fún gbogbo fíìmù, ìran kan sì lè fò ré kọjá rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò ní ṣòro fún kọ̀ǹpútà, àmọ́ ẹ̀rọ DVD àtijọ́, tẹlifíṣọ̀n tí kò lágbára àti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà lè dákú níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀rọ fi ní àyè fún iye tó ga jù. Fún fáìlì tí wọ́n máa wò láti orí fúláàṣì, ìlọ́po méjì agbedeméjì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Bí wọ́n bá gbé òkè náà sún mọ́ agbedeméjì jù, ìpín á di dọ́gba-n-dọ́gba, wọ́n á sì ti padà sí ìwà VCD láìmọ̀.

Sẹ́tíńgì tó bá ìlọ kìíní lọ gbọ́dọ̀ bá ìlọ kejì lọ. Ojú àwòrán, iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá àti àlàfo láàárín àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ ń kọ ní odidi (keyframe) kò gbọdọ̀ yàtọ̀, nítorí ìlọ kejì ń tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ ìlọ kìíní ní àwòrán sí àwòrán. Ohùn kò ní iṣẹ́ kankan ní ìlọ kìíní, wọ́n lè pa á tì. Ìlọ kìíní ti x264 máa ń yá ju ìkejì lọ dáadáa, torí pé ẹ̀rọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń fo àwọn iṣẹ́ tó ń gba àkókò. Kì í ṣe pé àkókò di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Ìyára tí wọ́n yàn, láti ultrafast dé veryslow, náà ń nípa lórí dídára: nínú ìwọ̀n kan náà, slow á fún wọn ní àwòrán tó mọ́ ju veryfast lọ. Láàárín medium àti slow ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yẹ kí ó wà. Ohun tó wà lẹ́yìn slow ń gba àkókò púpọ̀ fún èrè díẹ̀, bí iná bá sì jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀, epo ni àkókò náà.

Iná kan náà ló mú kí ohun kan yẹ ní mímọ̀ ní agbègbè bíi Àjùwọ̀n àti Ìfọ̀. Àkọsílẹ̀ ìlọ kìíní jẹ́ fáìlì gidi lórí kọ̀ǹpútà. Lórí FFmpeg, bí ìlọ kìíní bá ti parí pátápátá kí iná tó lọ, kò sí ìdí láti tún un ṣe. Ìlọ kejì nìkan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwọ̀n méjì láti inú fíìmù kan, tí ojú àwòrán wọn kò yàtọ̀, lè lo àkọsílẹ̀ kan fún méjèèjì bí iye bíìtì wọn kò bá jìnnà síra jù.

Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tí wọ́n yàn náà wà lára ọ̀rọ̀ iye. H.264 ti wà láti 2003, kò sì sí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n òde òní tí kò mọ̀ ọ́n. H.265, tó jáde ní 2013, lè fúnni ní irú àwòrán kan náà pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì bíìtì, nítorí náà 909 tí kò tó fún H.264 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún un ní àwòrán tó ga ní 720. Àmọ́ ó ń gba àkókò jù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò sì lè kà á. Fún fídíò tí ìyá ìyàwó máa fi wo ayẹyẹ lórí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀, H.264 ni kí wọ́n lò. Nọ́ńbà CRF x264, tó ń ṣe H.264, àti ti x265, tó ń ṣe H.265, kò dọ́gba: bí ẹnikẹ́ni kò bá yàn, 28 ni x265 máa ń lò níbi tí x264 ti ń lo 23.

Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó gba pé fíìmù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Títí di òpin 2015, àtẹ kan náà ni Netflix ń lò fún gbogbo fíìmù, láti kílóbíìtì 235 fún àwòrán tó kéré jù dé 5,800 fún àwòrán 1080, yálà eré àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà tàbí ogun inú eruku. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n kéde pé fíìmù kọ̀ọ̀kan á máa ní àtẹ tirẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti wò ó. Ní 2018 wọ́n tún sún síwájú, wọ́n ń ṣe é ní ìran sí ìran. Nígbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan dé orí Netflix ní 2022, tí Jàgun Jàgun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2023, ìlànà tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ààfin àti ogun ojú pápá ni wọ́n bá níbẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ní Àjùwọ̀n ń fi CRF àti ìṣirò ṣe lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kò yàtọ̀ sí i ní ìpìlẹ̀.

Kí wọ́n tó fi fáìlì lé oníbàárà lọ́wọ́, kò pọn dandan láti wo gbogbo rẹ̀. Ibi tó máa ń fọ́ ni kí wọ́n wò: ijó tó yára jù, ìran alẹ́, ibi tí àwòrán ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ wọnú òkùnkùn, èéfín, òjò, àti orúkọ àwọn òṣèré tó ń yí gòkè ní ìparí. Orí ẹ̀rọ tí oníbàárà máa lò ni kí wọ́n ti wò ó, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe é. Bí òkùnkùn nìkan ló fọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ dín èérún inú fídíò ojúlówó kù, kí wọ́n sì tún ẹ̀ẹ̀mejì ṣe. Bíìtì tí èérún ń jẹ yóò wá di ti àwọn òṣèré. Bí ijó nìkan ló fọ́, kí wọ́n wo bóyá òkè tí wọ́n fi lélẹ̀ ló há jù. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ibi ló fọ́, iye náà kò tó, kí wọ́n dín ojú àwòrán kù láti 1080 sí 720, tàbí láti 720 sí 480, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ kìíní, nítorí àkọsílẹ̀ ojú àwòrán àtijọ́ kò wúlò fún tuntun.